Máàkì kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n tó sọ ìrírí tiẹ̀ ṣáájú mi ní àánú lòun máa ń rí lójú èèyàn tí wọ́n bá ti rí òun lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Èmi ti rí ìbínú rí, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Mókólà ni mo ń gbé. Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọ̀pá ẹ̀yìn mi sì ṣẹ́. Láti àyà dé ìsàlẹ̀ kò gbọ́ tèmi mọ́. N kò ní fi ìyẹn dá yín dúró.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí rọpárọsẹ̀ mú láti kékeré ló fà mí lọ síbi tí wọ́n ti ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì lórí kẹ̀kẹ́. Àwa obìnrin méjì péré láàárín ọkùnrin mọ́kànlá. Ọ̀kan nínú wọn ní eré yìí kì í ṣe tobìnrin. Kò mọ̀ pé láti ọdún 1968, ní Tel Aviv, lobìnrin ti ń gbá a ní Paralympics, ìdíje eré ìdárayá àgbáyé tàwọn aláàbọ̀ ara. Kẹ̀kẹ́ ọsibítù ni mo gbé lọ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Táyà kẹ̀kẹ́ tiwọn ya síta nísàlẹ̀ bí ẹni tó yasẹ̀ dúró de ìjà, kò sì síbi tí wọ́n ń dì mú lẹ́yìn. Ta ló fẹ́ bá ẹ tì í?

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n yẹ̀ wá wò láti fún oníkálukú ní máàkì, láti 1.0 dé 4.5. Bí ara ẹni bá ṣe lè ṣe tó ni máàkì rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ọ̀rẹ́ mi gba 4.0. Èmi gba 1.0. Mo sunkún délé! Nílé ìwé tiwa, pàṣán ló ń dúró de ẹni tó bá gba oókan. Màámi tiẹ̀ ní, “Ṣé o ò lè lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi méjì kún un ni?”

Kóòṣì ló là mí lójú. Ó ní, “Àbúrò, ẹni márùn-ún ló ń wà ní pápá. Àròpọ̀ máàkì wọn ò gbọdọ̀ kọjá 14. Tí mo bá fi ẹni 4.5 méjì síbẹ̀, mo ti ná 9. Ó ku 5 fún ẹni mẹ́ta. Ibo ni mo ti fẹ́ rí wọn? Irú ẹ ni mò ń wá kiri.”

Apẹ̀rẹ̀ tí à ń ju bọ́ọ̀lù sí ò sọ̀kalẹ̀ nítorí wa o, mítà 3.05 ni, bíi tàwọn tó ń fẹsẹ̀ sáré. Ta ló máa gbé bọ́ọ̀lù débẹ̀ láìní agbára ikùn? Iṣẹ́ tèmi ni kí n dínà. Kẹ̀kẹ́ kì í fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. Tí mo bá ti fi irin iwájú kẹ̀kẹ́ mi há alátakò mọ́, àfi kó padà sẹ́yìn, kó tó yí po, ọ̀rẹ́ mi ti dé abẹ́ àwọ̀n. Àmọ́ o gbọ́dọ̀ ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Tó o bá lọ kọ lù ú, fáùlù ni.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lè fi ìka ka bọ́ọ̀lù tí mo jù wọlé. Ọkọ̀ ló jẹ́ kí n fi í sílẹ̀: Micra á dúró, á rí kẹ̀kẹ́, á tẹná. Èyí tó bá gbé mi á gbowó èrò méjì, tèmi àti ti kẹ̀kẹ́. Nígbà tí Netherlands na Amẹ́ríkà ní àṣekágbá àwọn obìnrin ní Paris ní 2024, àwọn ará ilé ń pariwo ẹni tó jù ú wọlé. Èmi ń wo ẹni tó ń há èèyàn mọ́.

Ẹ rántí ìbínú tí mo sọ. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dojú mi délẹ̀ nínú pápá, bẹ́líìtì ṣì dè mí mọ́ kẹ̀kẹ́, mo wà níbẹ̀ bí ìjàpá tí wọ́n yí dànù. Géńdé ọkùnrin tí mo ti há mọ́ látàárọ̀ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá, òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Ó wò mí, ó pòṣé.

“Ìwọ yìí! Ṣé o ò nílé ni?”

Ó na ọwọ́, òun àti kóòṣì jọ gbé mi dìde.