Iná ẹhànnà, iná igbó, iná pápá: èwo ni ká kọ sínú ìwé ọmọ wa?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ìbéèrè tí àbúrò wa obìnrin tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn gbé wá ni mo fẹ́ dá sí. Ó ń ṣe ìwé kékeré kan fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìbàdàn níbí, lórí iná tó máa ń jó igbó àti oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: ohun tó ń fà á, àti bí a ṣe lè kápá rẹ̀. Ó ní òun ò tíì rí orúkọ kan tí òun lè máa pè é láti ojú ìwé kìíní dé ìparí. Ẹnì kan ní kó pè é ní "iná ẹhànnà", bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é ní "wildfire". Bàbá wa kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní "iná igbó" ti tó, kí la tún ń wá kiri. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú orúkọ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ẹhànnà bẹ̀rẹ̀. Ẹranko là ń pè ní ẹhànnà, tàbí èèyàn tó ń hùwà bí ẹranko. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Lápá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, mànàmáná a máa lu igi gbígbẹ láìsí òjò, igbó á gbiná láìsí ọwọ́ ọmọ èèyàn nínú rẹ̀. Bóyá ẹhànnà bá iyẹn mu. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ta ló gbọ́ kí àrá máa sán nínú ọyẹ́? Àsìkò òjò ni àrá tiwa ń sán, òjò ló sì ń tẹ̀ lé e. Iná tó ń jó láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ní agbègbè yìí, díẹ̀ péré ni èyí tí kì í ṣe èèyàn ló ṣáná sí i. Bí a bá wá sọ ọ́ ní ẹhànnà, a ti bá ẹni tó ṣáná náà pa ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ọmọ tó bá kà á yóò rò pé iná náà kàn dìde ni.

Ọ̀rọ̀ "iná igbó" sàn ju ìyẹn lọ, àmọ́ ibi tí iná wà kọ́ ló ń tọ́ka sí. Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni wọ́n ní ó di Ìbàdàn. Ibi tí igbó ti fẹnu ko ọ̀dàn ni ìlú yìí tẹ̀dó sí, ọ̀dàn sì ni iná fẹ́ràn. Ẹ wọ inú ẹgàn tí wọn ò tíì gé igi rẹ̀ lóṣù Kejì, ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀: tútù ló máa ń wà, òjìji bò ó, ewé tó já sílẹ̀ ti ń jẹrà. Ẹ ṣáná sí i, ó ṣòro kó tó ràn. Ohun tó ń jó wìwì ni ẹ̀kàn, eèsún, bẹẹrẹ, àti ewé Akíntọ́lá tó ti gbẹ lórí ìdúró. (Àwọn kan ń pè é ní Awólọ́wọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká tún fi ìyẹn jà.) Akíntọ́lá yìí ló burú jù nínú wọn. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, igi rẹ̀ á gbẹ, á lọ́ mọ́ra wọn, iná á sì gba orí rẹ̀ dé orí igi ńlá.

Báwo ni iná ṣe wá ń jó àwọn igbó ọba bíi Gàm̀bàrí àti Olókèméjì? Wọ́n ti gé igi ńlá inú wọn ni. Bí ìrókò kan bá ṣubú, oòrùn á wọlé, koríko àti Akíntọ́lá á bá oòrùn wọlé, ẹ̀ẹ̀rùn á dé, iná á wá tẹ̀ lé wọn. Àáké ló ń ṣílẹ̀kùn, iná ló ń wọlé. Tíìkì tí wọ́n gbìn rọ́pò igi ìbílẹ̀ tún dá kún un: ewé rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ń já sílẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Èèyàn á máa rìn lórí rẹ̀, yóò máa dún ràkàràkà. Tíìkì tó ti dàgbà lè fara da iná nítorí èèpo rẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n ọmọ igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lábẹ́ rẹ̀ kò lè fara dà á. Gbogbo ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ nìyí, "iná igbó" kò sì lè sọ ọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀ ni mo fara mọ́: iná pápá. Lóṣù Kìíní, bí màjàlà bá ń já bọ́ sórí aṣọ tí a sá sílẹ̀ ní Àpáta tàbí Mọ́níyà, kò sẹ́ni tó ń sọ pé "igbó ń jó". "Pápá ń jó" là ń sọ, a ó sì sáré lọ ká aṣọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé pápá ti di ti bọ́ọ̀lù àti ti ọkọ̀ òfurufú lóde òní. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá pé pápá ń jó, ẹ wò ó bóyá pápá ìṣeré ló máa sáré lọ.

Ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo kò lè tó ìwé yìí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi wà gan-an. Ẹ fetí sí bí àwọn àgbẹ̀ lọ́nà Ìdí-Ayùnrẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ iná. Bó bá jẹ́ òun ló dá a, á ní "mo sun oko". Bó bá kọjá ibi tó fẹ́ kó dé, á ní "iná ràn", tàbí "iná bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́". Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló ti wá, á ní "iná jó mi lóko". Ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ọ̀ràn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni níwájú baálẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá pé ká máa pe èyí tí apá ò ká mọ́ ní "iná abọ́lọ́wọ́". Ẹni tó bá gbọ́ ọ máa béèrè lójú ẹsẹ̀ pé: lọ́wọ́ ta ló ti bọ́?

Ìbéèrè yẹn la fi ń wá ohun tó fà á. Mo ti dúró wo àgbẹ̀ kan tó ń sun oko lọ́nà Olókèméjì. Ó ti ṣán etí oko náà yí ká, ó sì ti gbá ewé gbígbẹ kúrò lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi hàn. Kò ṣáná lọ́sàn-án. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó bu erùpẹ̀ lẹ́kùn-ún ọwọ́, ó jẹ́ kó máa dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ ló ti wá kiná bọ̀ ọ́, kí iná lè máa kọjú sí afẹ́fẹ́ bọ̀ wá sẹ́yìn. Iná náà ń wọ́ bọ̀ jẹ́jẹ́, kò ga ju orúnkún lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ dúró káàkiri pẹ̀lú ẹ̀ka igi tútù, èyí tó bá fẹ́ fò kọjá, wọ́n á nà án pa.

Ọdẹ tó ń wá ọ̀yà, òdìkejì èyí ló ń ṣe. Ọ̀sán gangan ló dára fún un, ó sì ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé iná náà sáré, kí ọ̀yà lè já síta bá ajá àti ìbọn tó ń dúró dè é. Bó bá ti pa tirẹ̀ tán, ilé yá. Iná ṣì wà níbẹ̀. Darandaran ń sun pápá kí koríko tuntun lè yọ fún màlúù, ohun tí màlúù máa jẹ lọ́sẹ̀ méjì sí i sì ni ojú rẹ̀ ń wò, kì í ṣe kòkó ẹni tó wà lókè ọ̀hún. Àwọn tó ń sun èédú lápá Òkè-Ògùn náà wà ńbẹ̀, àti àwọn tó ń fi èéfín lé oyin, àti ẹni tó ju ìdí sìgá sí etí títì, àti ẹni tó dáná sun pàǹtí lẹ́yìnkùlé tó sì lọ sùn. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ ìkà. Iṣẹ́ kan ni kálukú wọn ń fi iná ṣe, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ti parí kí ti iná tó parí. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé ìwé náà kò gbọdọ̀ ní orí kan tó kàn ń jẹ́ "Má ṣe dáná". Bí òfin bá ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sun oko rárá, àgbẹ̀ tí kò ní owó tí yóò fi gba lébìrà ṣì máa sun ún. Ìkọ̀kọ̀ ló máa ti sun ún, á sì sá kúrò nídìí rẹ̀ kí ẹ̀ṣọ́ igbó má baà bá a níbẹ̀. Iná tí ẹni tó ni ín sá kúrò nídìí rẹ̀ ló ń di iná abọ́lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo fẹ́ ká gbà wọlé ni "ìtètèsun", ìyẹn ni pé ká tètè sun koríko ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, kó tó gbẹ tán. Olókèméjì yìí kan náà ni ọgbọ́n rẹ̀ ti wá. Igbó ọba tó wà lẹ́bàá odò Ògùn ni, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, láti ọdún 1899 ni wọ́n sì ti yà á sọ́tọ̀. Lọ́dún 1929, àwọn onímọ̀ igbó gé igi orí ilẹ̀ kan kanlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì pín ilẹ̀ náà sọ́nà mẹ́ta. Apá kan, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sun ún lọ́dọọdún. Apá kejì, ó di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ dé gbòǹgbò. Wọn ò jẹ́ kí iná dé apá kẹta. Nígbà tí wọ́n yẹ ilẹ̀ náà wò lẹ́yìn ọdún 28, apá tí iná kò dé ti padà di igbó. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ti di ọ̀dàn, ìwọ̀nba igi tó lè fara da iná ló kù síbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tètè sun wà láàárín àwọn méjèèjì, igi inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ti èyí tí wọ́n ń pẹ́ sun lọ. Ohun tó fà á kò ṣòro láti yé ọmọdé: ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn omi ṣì wà lára koríko, ìrì ń sẹ̀ lóru, iná á jó díẹ̀, á fo díẹ̀, kò ní ga. Nígbà tó bá fi di oṣù Kẹta, kò sóhun tó máa dá a dúró mọ́, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni àwọn igi ń rúwé tuntun.

Ẹnì kan lè ní ìtètèsun dà bí ọ̀rọ̀ tí a fi tipátipá hun. N ò rò bẹ́ẹ̀. A ní ìtètèjí, a ní ìtètèdé. Ohun tí mi ò fẹ́ ni "ìsun àbójútó" tí ẹlòmíràn dábàá, torí pé kò sọ ìgbà, ìgbà sì ni gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ilẹ̀ tí a ṣán, tí a sì gbá mọ́ yí oko ká kí iná má baà wọ̀ ọ́. "Ìdènà iná" ni wọ́n dábàá. Ó yé mi, ṣùgbọ́n ìdènà lè jẹ́ odi, ó lè jẹ́ omi, ó lè jẹ́ òfin. "Ààlà iná" ni mo fara mọ́ ní tèmi. Ààlà jẹ́ ohun tí a ń fọwọ́ ṣe, tí a ń padà lọ ro lọ́dọọdún, tí aládùúgbò méjì sì jọ ní. Ìtọ́jú ilẹ̀ yìí gan-an nìyẹn. Bí ẹ kò bá gbá a fún ẹ̀ẹ̀rùn kan péré, ewé tíìkì á bò ó mọ́lẹ̀, iná á sì gba orí rẹ̀ rìn kọjá. Ọkọ̀ panápaná tó ń sáré nígboro kò lè wúlò níbi tí kò sí ọ̀nà, ààlà tí wọ́n tọ́jú àti ẹ̀ka igi tútù ló ń gba oko là. Àwọn tó rántí ọ̀dá ọdún 1983, tí iná pápá run oko kòkó lọ súà ní Gánà, mọ ohun tí mò ń wí.

Àbúrò mi, ẹ má tíì fi ìwé yín ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gba Jẹ́ríkò lọ, níbi tí ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ wà. Ẹ fi àwọn ọ̀gá sílẹ̀ ná, àwọn lébìrà tó ń lọ ṣán ààlà ní Gàm̀bàrí ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi Yorùbá ṣiṣẹ́ yìí, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti ní orúkọ fún ohun tí àwa ń jókòó wá. Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn àti Ṣakí tó wà láàárín wa náà, ẹ dákun, kí lẹ̀ ń pe ilẹ̀ tí ẹ ṣán yí oko ká yẹn nílé? Bó bá yàtọ̀ sí ààlà iná, tiyín ni kó wọ ìwé.