Nǹkan oṣù mi dáwọ́ dúró, kò sì sí oyún

Ẹni ọdún 32 ni mí, ní Ìkòròdú. Láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni nǹkan oṣù mi, tí kì í yẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti dáwọ́ dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti yẹ ìtọ̀ wò, kò sí oyún, n kò sì gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí rí. Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni omi bíi wàrà tó ń jáde lọ́mú mi, bẹ́ẹ̀ ó ti pé ọdún 3 tí mo ti já ọmọ mi lẹ́nu ọmú. Mo mu àgbo ìyá ọkọ mi (n kò lè kọ̀ fún wọn), inú rírun nìkan ni mo rí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan dárúkọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì, ti prolactin (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ọmú ṣe wàrà) àti ti thyroid (ẹ̀yà ara kékeré kan ní iwájú ọrùn). Níwọ̀n bí owó ọwọ́ mi kò ti ká méjèèjì, èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?