Ìrírí wa lórí ẹní: bí a ṣe ń kó àwọn ọmọ kékeré jọ láràárọ̀

Àǹtí Orí Ẹní, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín. Ọmọ 22 ló wà lọ́dọ̀ mi, ọlọ́dún mẹ́ta àti mẹ́rin. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ìṣẹ́jú 40 gbáko ni mo fi ń kó wọn jókòó: àdúrà, orin, ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, ABD, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó di ìṣẹ́jú kẹwàá, ọ̀kan ti dùbúlẹ̀, ọ̀kan ń tú bàtà ẹnìkejì, èmi sì ń pariwo "Ẹ jókòó dáadáa!" títí ohùn mi fi há.

Òjò ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ó rọ̀ lu páànù wa láàárọ̀ ọjọ́ kan débi pé ẹnu lásán ni mò ń là, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Mo bá dákẹ́. Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo fọwọ́ kan orí, mo fọwọ́ kan ikùn. Wọ́n ń wò mí. Mo tún un ṣe. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, títí kan èyí tó máa ń sá lọ sídìí ilẹ̀kùn. Látọjọ́ náà, bí ariwo bá ti pọ̀, ńṣe ni mò ń rẹ ohùn sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 náà ni mò ń lò báyìí, mo sì ń jáwọ́ nígbà tó ṣì ń dùn mọ́ wọn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àpò. Mo máa ń ki nǹkan kan sínú àpò aṣọ, ọmọ á tọwọ́ bọ̀ ọ́ láìwò, á sọ ohun tó bà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, ewùrà ni mo gbé wá. Ọ̀kan ní òkúta ni, ọ̀kan ní ẹsẹ̀ erin ni (níbo ló ti rí erin?). Ó wá kan ọmọbìnrin kan tí kò tíì lanu lórí ẹní láti ìgbà tí a ti wọlé. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi èékánná ha á díẹ̀, ó gbóòórùn ìka rẹ̀, ó ní, "Ìkọ́kọrẹ́ ìyá àgbà ni." Ló bá ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rin ín, bó ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́, bí ẹja gbígbẹ ṣe ń wọnú rẹ̀. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló fi ń sọ ọ́. Àṣé èmi tí mò ń fi Gẹ̀ẹ́sì bi í léèrè ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Tíṣà Rẹ́mọ, Ṣágámù

Àǹtí, ẹ ṣeun. Èmi ní ọmọkùnrin kan tí kì í jókòó. Mo gbé e sórí itan, ó jà. Mo ní kó lọ dúró ní kọ̀rọ̀, ó sunkún títí àwọn yòókù fi bá a sun ún. Nígbà tó sú mi, mo ní kó máa dúró sídìí fèrèsé, kó ṣáà má da ẹnikẹ́ni láàmú. Bí mo bá ń pàlọ́ Ìjàpá, tírélà ló ń kà lójú títì. Lọ́sẹ̀ kejì, màmá rẹ̀ bi mí pé ta ló ń kọ́ ọ lálọ̀ọ́, pé ó pa odidi kan fún bàbá rẹ̀, tòun torin. Mi ò fipá mú ọmọ jókòó mọ́.

Àwọn òbí lọ̀rọ̀ kù sí. Bàbá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní: "Orin lẹ̀ ń kọ ṣáá, ẹ ò kọ nǹkan kan sínú ìwé ọmọ mi." Mo ní kí wọ́n wọlé wá wò wá. Wọ́n jókòó sórí àga kékeré, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Mo to ìdérí ìgò márùn-ún sílẹ̀, mo fi aṣọ bo méjì, mo ní mélòó ló farapamọ́. Ọmọ wọn ló kọ́kọ́ dáhùn. Wọn ò sọ nǹkan kan o, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ọmọ gbé ìdérí ìgò wá, ẹ̀kún ọ̀rá kan.

Ọmọ Aláre, Ìjẹ̀bú-Òde

Ní 2024, Ojúde Ọba, ọdún tí àwa Ìjẹ̀bú fi ń lọ kí Awùjalẹ̀, ọba wa, tòun tìlù tòun tẹṣin, bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù kẹfà, ọjọ́ kẹta Iléyá. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ a wọlé. Ta ló fẹ́ jókòó? Ọ̀kan ti ki ìgbálẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀, ó ń gun ún lẹ́ṣin. Òmíràn fi jígí dúdú sójú, ó ki kíréyọ́ọ̀nù sẹ́nu, ó ní òun ni Farooq Oreagba, ẹlẹ́ṣin tó fi jígí dúdú àti sìgá gbajúmọ̀ níbi Ojúde Ọba ọdún náà. Mo ti fẹ́ jágbe, ẹ̀rín ni kò jẹ́.

Mo ká ẹní nílẹ̀. Mo pín wọn sí regbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́-orí kan náà tó ń jó lọ kí ọba) mẹ́ta, ẹgbẹ́ kan á jó kọjá, àwọn yòókù á máa lu ike bọ́tà, wọ́n á sì ka iye ẹni tó kọjá. Bí mo bá gbọ́wọ́ sókè, ìlù àti ẹṣin gbọ́dọ̀ dúró. Wọ́n ń dúró! Àwọn ọmọ tí mo ti ń bẹ̀ láti oṣù kẹrin.

Wàhálà kan ṣoṣo ni pé gbogbo wọn ló fẹ́ jẹ Awùjalẹ̀. Àga márùn-ún ni mo tò kalẹ̀.