Ìrìn-àjò sí erékùṣù São Tomé: báwo ni ẹ ṣe to ọ̀nà àti oúnjẹ?

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́)
Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará ilé. Èmi, ọkọ mi àti ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ń múra láti lo ìsinmi ní erékùṣù São Tomé nínú oṣù kẹjọ. A fẹ́ háyà mọ́tò kí a lè máa lọ wo àwọn ibi tó lẹ́wà, ṣùgbọ́n oúnjẹ ló ń kọ mí lóminú, nítorí pé màmá kì í fara da ebi, wọn kì í sì í jẹ ohun tí wọn kò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ bí tiyín ṣe rí fún mi.

Ọmọ Olókè (Ṣábẹ̀)
Ọ̀nà ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, ìyá. Gígùn erékùṣù náà kò tó 50 km, èyí sì ń tan ọ̀pọ̀ àlejò jẹ, nítorí òkè àti igbó kìjikìji ló gba àárín rẹ̀, òkè Pico de São Tomé nìkan ga ní mítà 2,024. Títì kan gba etíkun àríwá lọ sí Neves títí dé Santa Catarina. Òmíràn gba ìlà-oòrùn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Porto Alegre ní ìsàlẹ̀ gúúsù. Àwọn méjèèjì kò pàdé, torí kò sí títì láàárín Santa Catarina àti Porto Alegre, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òun yóò fi mọ́tò gbé yín yí erékùṣù náà po, ẹ má ṣe fún un lówó. Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àríwá, ọjọ́ kan fún gúúsù, kí ẹ sì fi ọjọ́ mìíràn gun òkè lọ sí Monte Café, níbi tí wọ́n ti ń fi bí wọ́n ṣe ń gbin kọfí àti bí wọ́n ṣe ń sá a han àlejò. Ọjọ́ gúúsù ló le jù fún àgbàlagbà.

Tíṣà Àgbà (Kétu)
Oṣù kẹjọ dára, nítorí ó bọ́ sí àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn tí wọ́n ń pè ní gravana, láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn (Àjàṣẹ́)
Mo fara mọ́ ohun tí àbúrò mi láti Ṣábẹ̀ sọ, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé kí ọkọ ìyá ìbejì máa wa mọ́tò fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀ bíi tiwa, ẹni tó ti wakọ̀ láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ̀ kò sì ní ṣìnà, àmọ́ ọ̀nà gúúsù kún fún kọ́nà àti kòtò, ewúrẹ́ àti ọmọdé sì máa ń já sí títì lójijì. Ẹ gba awakọ̀ ìlú wọn. Yàtọ̀ sí pé ó mọ ọ̀nà, òun ló máa bá yín tẹ ilé oúnjẹ láago ní èdè Potogí kí ẹ tó kúrò nílé, ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó sì ń kọ yín lóminú ti parí nìyẹn.

Ọmọ Olókè (Ṣábẹ̀)
Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń wakọ̀ fúnra rẹ̀ lè dúró níbi tó bá wù ú. Awakọ̀ tí a gbà máa ń sáré kí ilẹ̀ má baà ṣú.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn (Àjàṣẹ́)
Ẹ bá a ṣàdéhùn iye wákàtí kí ẹ tó gbéra, kò ní sáré.

Ìyá Olóúnjẹ (Kétu)
Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí kàn mí gan-an. Àwa obìnrin ìjọ ni a jọ lọ, ẹni tó ṣètò ìrìn-àjò náà sì ti kọ gbogbo ibi tí a ó wò sílẹ̀, láti Boca do Inferno, níbi tí omi òkun ti ń gba inú ihò àpáta dúdú tú sókè pẹ̀lú ariwo, títí dé erékùṣù kékeré Ilhéu das Rolas tí ìlà agbedeméjì ayé gbà kọjá. Ṣùgbọ́n kò kọ oúnjẹ ọ̀sán kankan síbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé wa padà dé èbúté Ponta Baleia, oòrùn ti yí, ebi sì ti mú ẹni tó dàgbà jù láàárín wa débi pé kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ilé oúnjẹ tí a kọ́kọ́ kàn ní kí a dúró títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí wọn kì í dáná àyàfi tí ẹni tó fẹ́ jẹun bá ti bá wọn sọ ọ́ láàárọ̀. Ibẹ̀ ni obìnrin kan tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ ti rí wa. Kò gbọ́ èdè wa, àwa náà kò gbọ́ tirẹ̀. Ó gbé àpótí ìjókòó jáde fún ìyá àgbà náà, ó bu omi fọ ọwọ́, ó fi ìka yọ egungun ẹja náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku ẹran nìkan, ó wá to ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè tì í nínú àwo. Ìyá wa jẹun yó, wọ́n sì gbàdúrà fún un ní èdè Kétu. Obìnrin náà ṣe àmín.

Ọmọ Ìdèna (Kétu)
Ọlọ́run á máa ṣíjú àánú wo obìnrin náà. Omijé bọ́ lójú mi.

Ọmọ Àgùdà (Àjàṣẹ́)
Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ṣé ẹ fún un lówó?

Ìyá Olóúnjẹ (Kétu)
A na owó sí i, ó mi orí. A wá yọ gèlè tuntun kan láti inú ẹrù wa fún un, ó gbà á, ó sì wé e lójú ẹsẹ̀.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn (Àjàṣẹ́)
Ẹ dákun, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ fi owó náà sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tàbí kí ẹ ra ẹja mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Apẹja ni wọ́n lápá ibẹ̀ yẹn, ẹja náà ni wọ́n sì fi ń jẹun.

Tíṣà Àgbà (Kétu)
N kò gbà. Ẹni tó fún àlejò lóúnjẹ nítorí Ọlọ́run, tí àlejò bá tún na owó sí i lẹ́ẹ̀kejì, ó ti sọ ọ́ di ọlọ́jà. Gèlè yẹn tó, ó sì níyì ju owó lọ.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn (Àjàṣẹ́)
Tíṣà, ibi tí àlejò kì í ti wọ́pọ̀ ni ọ̀rọ̀ yín bá mu. Èbúté tí àlejò ń gbà lọ sí Rolas ni ibí yìí. Tí gbogbo ẹni tí ebi bá pa bá ń jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni yóò kù fún un?

Ọmọ Ìdèna (Kétu)
Àwọn méjèèjì ló lẹ́tọ̀ọ́. Ẹni tí mo bínú sí ni ẹni tó kó àwọn ìyá lọ rìnrìn àjò láìṣètò oúnjẹ ọ̀sán.

Ọmọ Àgùdà (Àjàṣẹ́)
Ìyá ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ohun tí màmá yóò jẹ. Oúnjẹ tí wọ́n mọ̀ jù níbẹ̀ ni calulu: ẹja gbígbẹ, ilá, tòmátò, oríṣiríṣi ewé àti epo pupa ni wọ́n ń sè pọ̀ títí yóò fi ki, ìrẹsì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Wọ́n ń jẹ igbín, wọ́n sì ń sè tàbí yan èso kan tí wọ́n ń pè ní fruta-pão, tí ó máa ń rọ́pò iṣu. Ní ilé wa ní Àjàṣẹ́, níbi tí a ti ń se feijoada, ẹ̀wà tí a sè pọ̀ mọ́ ẹran, nígbà Bonfim, ọdún àwa Àgùdà, ní oṣù kìíní, ọ̀pọ̀ ohun tí mo jẹ ní São Tomé ni n kò kà sí àjèjì rárá. Ìbátan wà láàárín wa láti ọjọ́ pípẹ́: odi àwọn Potogí tó wà ní Ouidah, tí wọ́n kọ́ ní 1721, abẹ́ àṣẹ São Tomé ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìyá Olóúnjẹ (Kétu)
Calulu dùn, mo jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọbẹ̀ ilá tiwa. Ewé tí wọ́n kó sínú rẹ̀ pọ̀ ju ilá lọ, ata rẹ̀ kò sì tó. Ẹ di ata gígún díẹ̀ mọ́ ẹrù màmá.

Ọmọ Olókè (Ṣábẹ̀)
Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Ouidah yẹn? Fọ́ransé ló ṣàkóso Dahomey, báwo ni odi àwọn Potogí ṣe ṣẹ́kù síbẹ̀?

Tíṣà Àgbà (Kétu)
Òótọ́ ni. Àwọn Potogí kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ títí di 1961, nígbà tí ìjọba Dahomey, tó ti gba òmìnira lọ́dún tó ṣáájú, gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dáná sun apá kan nínú rẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Ilé ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n sọ ọ́ dà lẹ́yìn náà. Bí ìyá ìbejì bá ní àyè, kí wọ́n wo ti Ouidah kí wọ́n tó wọkọ̀, kí wọ́n sì wá wo odi São Sebastião tó wà nínú olú-ìlú São Tomé, tí wọ́n kọ́ ní 1575.

Ọmọ Àgùdà (Àjàṣẹ́)
Ọ̀rọ̀ owó náà rọrùn láti ṣírò. Wọ́n so dobra wọn àti sefa wa mọ́ Yúróò: Yúróò kan jẹ́ sefa 655.957, ó sì jẹ́ dobra 24.5, èyí tó fi hàn pé dobra kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sefa 27. Ẹ mú Yúróò lọ́wọ́, ẹ má gbé ọkàn lé káàdì báńkì. Ẹ má sì gbàgbé ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀.

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́)
Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ọkọ mi ti gbà pé ká gba awakọ̀. Ó kù ọ̀kan: ṣé màmá lè lọ sí Rolas, àbí ká fo ó?

Ìyá Olóúnjẹ (Kétu)
Ìgbì omi lè gbé ọkọ̀ náà sókè, ọkọ̀ kékeré ni, gígun òkè sì kù kí ẹ tó dé ibi àmì ìlà agbedeméjì ayé. Bí orúnkún bá ń dùn wọ́n, ẹ má gbé wọn lọ.

Ọmọ Olókè (Ṣábẹ̀)
Mo gbà pẹ̀lú ìyá wa. Ní ọjọ́ gúúsù, kí màmá má kọjá ibi tí ẹ ti lè rí Cão Grande, òkúta tó yọrí sókè láàárín igbó gíro bí òpó ilé, tí ṣóńṣó rẹ̀ fi mítà 663 ga ju òkun lọ. Inú ọ̀nà ọ̀fun òkè oníná ni òkúta yíyọ́ ti dì, ilẹ̀ tó yí i ká wá jẹ dànù, òun sì dúró. Kùrukùru sábà máa ń bò ó, nítorí náà bí ẹ bá ti rí i, ẹ ní kí awakọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń padà, ẹ yà sí São João dos Angolares, nínú ilé oko kòkó àtijọ́ tí alásè kan tó ń jẹ́ João Carlos Silva ti ń se oúnjẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá, àwo lẹ́yìn àwo, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ sì tutù, àgbàlagbà lè jókòó pẹ́. Kí awakọ̀ pè wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó sì sọ fún wọn pé ìyá àgbà kan ń bọ̀ tí kì í fara da ebi, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé nǹkan wá fún un bí ẹ bá ti ń wọlé.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn (Àjàṣẹ́)
Fún ọjọ́ àríwá, etíkun Lagoa Azul ni kí ẹ gbé màmá lọ. Omi rẹ̀ mọ́ gaara, igi oṣè wà létí rẹ̀ tí ẹ lè tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀, kò sì jìnnà sí olú-ìlú. Ẹ se oúnjẹ tiyín dání lọ́jọ́ náà.