Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: bàbá mi tó ń ṣe bíríkìlà, àti aago tó ń ṣọ́ ara

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 64 ni wọ́n, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣe bíríkìlà kí wọ́n tó bí mi, títí dòní ni wọ́n sì ń gun àkàbà. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ń lo oògùn sí i. Lóṣù tó kọjá, òòyì kọ́ wọn lórí pákó níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ ògiri. Ọmọṣẹ́ wọn ló di bẹ́líìtì wọn mú látẹ̀yìn. Òun náà ló pe màmá mi lálẹ́. Bàbá ò sọ nǹkan kan.

Wọ́n ní àwọn ò ní í jókòó sílé. London ni mo wà, mo sì rí smartwatch kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, £35. Àwọn tó ń tà á ní ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ṣé kí n rà á? Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má rà á. Ní February 2024, àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn ò fọwọ́ sí aago tàbí òrùka kankan tó ń wọn ṣúgà láìgún awọ. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá ni kó o rà. Láàárọ̀ kí wọ́n tó jáde, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹsẹ̀ nílẹ̀, apá lórí tábìlì. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí màmá kọ ọ́ sínú ìwé.

Òòyì yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan máa ń mú kéèyàn tọ̀ lemọ́lemọ́. Bí oòrùn bá tún fa omi tó kù lára, òòyì lè gbé èèyàn bó bá ṣe ń nàró. Kí dókítà yẹ oògùn náà wò. Kí wọ́n má fúnra wọn dá a dúró o.

Wẹ́dà Houston:
Ẹ̀gbọ́n, èmi máa ń wọ Apple Watch níbi iṣẹ́. Láti orí Series 4 tó jáde ní 2018, ó ń mọ̀ béèyàn bá ṣubú gbì. Bí onítọ̀hún ò bá mira fún bí ìṣẹ́jú kan, á pe nọ́ńbà pàjáwìrì, á sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sáwọn ará ilé. Ṣùgbọ́n èyí tí kò ní síìmù tiẹ̀, fóònù gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Alaalẹ́ ni mo sì ń ṣáájì tèmi; ṣé iná wà ládùúgbò bàbá? Ẹ tún rántí pé ẹ̀yìn ìgbà téèyàn bá já bọ́ tán ló ń ké. Kò lè di bẹ́líìtì mú.

Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù:
N'Íbàdàn níbí, sìmẹ́ńtì tútù tó bá há sábẹ́ okùn aago máa ń jó awọ. Mo ti rí ọwọ́ tó bó. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá lókè ìgbọ̀nwọ́, tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, sàn díẹ̀. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ bá wọn san owó ọmọṣẹ́ kejì, kí bàbá dúró nílẹ̀ máa darí iṣẹ́. Ọ̀gá ni wọ́n, ipò wọn nìyẹn. Ẹ ṣáà má fi ọjọ́ orí bẹ̀ wọ́n.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti pe bàbá. Omi inú ọ̀rá kan péré ni wọ́n ń mu kó tó di ọ̀sán, torí oògùn náà ń mú wọn tọ̀, ojú sì ń tì wọ́n láti máa sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó ní gbogbo ìgbà. Màmá máa bá wọn lọ rí dókítà lọ́jọ́ Ajé. Mo ti sanwó ẹ̀rọ alápá.