Géèmù tí mo ti sanwó ẹ̀ tán tún ń polówó fún mi: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ-Páàdì: Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé èmi nìkan ni àbí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà? Géèmù bọ́ọ̀lù kan tí mo ra ní gbogbo owó ẹ̀, kì í ṣe ọ̀fẹ́ o, wọ́n ní kí n ṣe àbùdéètì, mo ṣe é, bí mo ṣe wọlé padà báyìí àwòrán ràgàjì kan bo gbogbo ojú sìkíríìnì, bàtà ni wọ́n ń tà. Mo tẹ bọ́tìnnì tá a fi ń jáde, kò lọ. Mo tún un tẹ̀, ó kàn ń wò mí níran ni. Òǹkà kékeré kan wà ní igun tó ń ka sẹ́yìn, ìgbà tó ka dé òdo ni X yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, X ọ̀hún kéré débi pé mo ní láti dìde lọ wò ó nítòsí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tá a jọ fẹ́ gbá a ti ń pariwo sí mi létí pé kí ló ń ṣe ẹ́, wọlé jàre. Tó bá jẹ́ géèmù ọ̀fẹ́ orí fóònù ni mi ò ní sọ̀rọ̀, ṣebí wíwò tí mò ń wo ìpolówó yẹn lowó tí mò ń san. Àmọ́ èyí ti gbowó ẹ̀ tán, ó tún wá ń ta ojú mi fún ẹlòmíì.

Jagunlabí: Pẹ̀lẹ́ o. Àbùdéètì yẹn gan-an lọgbọ́n wọn. Ẹ ò rántí ti UFC 4, géèmù ìjà yẹn, ni? Oṣù kẹjọ ọdún 2020 ló jáde, àwọn tó máa ń yẹ géèmù wò ti sọ tẹnu wọn tán, àwọn èèyàn ti rà á, àfìgbà tó di oṣù kẹsàn-án tí ìpolówó eré tẹlifíṣọ̀n kan tí Amazon ń ṣe dédé ń gba gbogbo sìkíríìnì nígbà tí wọ́n bá ń tún ìjà fi hàn. Ìyẹn ni pé o ti da èèyàn dùbúlẹ̀, o fẹ́ fojú ara ẹ rí bí ẹ̀ṣẹ́ yẹn ṣe wọlé, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa já ìpolówó lu ẹ́ lójú! Ariwo tó sọ nígbà yẹn ò ṣeé fẹnu sọ. EA, ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù yẹn, yára yọ ọ́, wọ́n ní ó ti yé àwọn pé àwọn tó ń gbá a ò fẹ́ irú ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tún ìjà fi hàn. Ó wá di dandan kéèyàn kọ́kọ́ pariwo kíyẹn tó yé wọn.

Aláròyé: Ẹ má bínú o, èmi ò ní bá yín bú gbogbo ìpolówó. Pátákó tó wà létí pápá nínú géèmù bọ́ọ̀lù, ta ló ń dí lọ́wọ́? Tí wọ́n bá yọ ọ́ gan-an pápá yẹn á rí bọ̀rọ̀gìdì, torí pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe wà ní pápá gidi. Lọ́dún 2008 Obama pàápàá gbé pátákó ìbò ẹ̀ sínú géèmù ìje mọ́tò Burnout Paradise, o máa fi mọ́tò sáré kọjá lára ẹ̀ ni, ó parí. Èmi ò bínú sí ohun tí mo lè sáré kọjá lára ẹ̀. Èyí tó bá ní kí n dúró, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Jagunlabí: @Aláròyé mo gbà fún ẹ níbẹ̀. Wo ti WipEout HD lọ́dún 2009, eré ìje ni géèmù yẹn o, wọ́n wá fi ìpolówó sí ibi tó ti ń lódìn, ìyẹn ìgbà tí géèmù ṣì ń múra láti bẹ̀rẹ̀, lódìn náà sì ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Géèmù eré sísá, ìpolówó ń dá a dúró 😂 Wọ́n yọ òun náà lẹ́yìn tí àwọn èèyàn fi ariwo bò wọ́n.

Ìyálóde-Kọ̀nsóòlù: Tèmi kọ́ ló dùn mí, ti ọmọ mi ni. Géèmù tá a rà fún un, ó ń sáré bọ̀ pé mọ́mì, wọ́n ní kí n ra nǹkan kí n tó lè kọjá. Mo dìde lọ wò ó. Irọ́ ni, kò sóhun tó ní kó rà á, àmọ́ bọ́tìnnì "rà á" yẹn ni wọ́n kùn ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú èyí tí ọmọ máa ń tẹ̀ láti tẹ̀ síwájú, wọ́n wá kọ "rárá" ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀. Ọmọdé tí ò tíì mọ̀wé kà dáadáa, èwo lẹ rò pó máa tẹ̀? Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n dá mi lóhùn pé inú àwọn dùn pé mo kàn sí àwọn. Ìsàlẹ̀ lẹ́tà yẹn, ẹ gbà mí, ìpolówó géèmù wọn tuntun ló wà níbẹ̀.

Aláròyé: Hàà 😂😂😂

Sùúrù-Lérè: Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni "àṣìṣe ni." Lóṣù kẹwàá ọdún 2020 ìpolówó tí wọn ò jẹ́ kéèyàn fò kọjá jáde nínú géèmù básíkẹ́tì NBA 2K21, 2K tó ṣe é ní kò yẹ kó jáde síbẹ̀. Lọ́dún 2023 Ubisoft gbé ìpolówó géèmù wọn, Assassin's Creed tuntun, sáàárín èyí táwọn èèyàn ti rà tipẹ́, wọ́n ní ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Lọ́dún 2025 ó kan Call of Duty, ìpolówó ọjà wà níbi téèyàn ti ń yan ìbọn, wọ́n tún ní àwọn ń dán an wò ni, àṣìṣe ló gbé e jáde. Àṣìṣe wo ló ń ya àwòrán tó dán báyẹn, tó ń kọ iye owó sí i?

Ọmọ-Páàdì: Ṣé kò sẹ́ni tó mọ bá a ṣe lè pa á ni?

Sùúrù-Lérè: Ti èmi, mo máa ń yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò tó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni mò ń gbá a, ìpolówó tó ń ti íntánẹ́ẹ̀tì wá kì í jáde nígbà yẹn. Àmọ́ tìrẹ tó o fẹ́ bá àwọn èèyàn gbá a, ìyẹn ò lè ṣiṣẹ́. Ní Steam, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta géèmù kọ̀ǹpútà, ó sàn díẹ̀, òfin wọn ò gba géèmù láyè láti fipá mú èèyàn wo ìpolówó kó tó lè máa gbá a lọ. Pátákó àti ọjà gidi tó wà nínú eré fúnra ẹ̀ ni wọn ò bá jà.

Àdùkẹ́-Bọ́tìnnì: Street Fighter V ló ṣe é dáa díẹ̀ lójú tèmi. Ìparí ọdún 2018 ni Capcom tó ṣe géèmù ìjà yẹn gbé ìpolówó wọnú ẹ̀, ara aṣọ àwọn oníjà àti ibi tó ti ń lódìn, àmọ́ o lè wọ sétìnsì lọ pa á, tó o bá sì fi í sílẹ̀, wọ́n á fún ẹ ní Fight Money, owó inú géèmù yẹn, sí i. Èmi pa tèmi. Bọ̀ọ̀dá mi ní kò sóhun tó kan òun, owó lòun ń wá. Mo ṣáà ń nà án ni, tòun ti ìpolówó láyà.