Èsì lórí "yíyọ̀", "ìfìdí" àti "eré àsápajúdé": kí ni a ó pe dorifuto?

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè wa, mo kí yín o.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn àgbà àárín wa béèrè ohun tí a ó máa pe ọgbọ́n ìwakọ̀ tí àwọn ará Japan ń pè ní dorifuto, ìyẹn kí awakọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìdí ọkọ̀ gbá sí ẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà, nítorí pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò lè ṣe kó má wo eré àwòrán abẹ̀mí kan tí ń jẹ́ Initial D, òun náà sì fẹ́ kọ nǹkan nípa rẹ̀ ní Yorùbá. Èsì mẹ́ta ni mo kà. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí a pè é ní "yíyọ̀", ẹnì kejì mú "ìfìdí" wá, ẹnì kẹta sì ní kò sí ohun tí à ń wá kiri, pé "eré àsápajúdé" ti kárí gbogbo rẹ̀, nítorí pé ìwà àìbìkítà ló ń dùn mọ́ àwọn ọmọ nínú eré náà. Èsì kẹta yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn, torí pé bí a bá ṣi ohun tó ń fa ènìyàn mọ́ eré yìí mọ̀, a ó ṣì í lórúkọ pẹ̀lú.

Shuichi Shigeno ló kọ ìtàn náà tó sì ya àwòrán rẹ̀ láti 1995 di 2013. Nígbà tí wọ́n kó o jọ, ìwé 48 ni. Ní 1998 ló di eré orí tẹlifíṣọ̀n. Takumi Fujiwara, ọmọ ilé ìwé girama kan, ni ìtàn dá lé lórí. Bunta bàbá rẹ̀ ń ṣe tófù tà, ìyẹn wàrà tí a fi ẹ̀wà sóyà ṣe, láti ìgbà tí ọmọ náà sì ti wà ní ọdún 13 ni bàbá ti ń gbé mọ́tò fún un kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó máa gbé tófù lọ fún òtẹ́ẹ̀lì kan lórí òkè Akina. Bàbá a bu omi sínú ife, a gbé e sínú ọkọ̀, a sì kìlọ̀ pé omi náà kò gbọdọ̀ dà, nítorí pé bí omi bá dà, tófù ti fọ́ nìyẹn. Ọdún márùn-ún ni ọmọ yìí fi gba ọ̀nà kan ṣoṣo, lóru lóru, nínú òjò àti òjò dídì, kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ tí bàbá òun ń rán òun ti sọ òun di awakọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè lé bá ní ìsọ̀kalẹ̀ òkè náà. Kódà, nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, kò mọ̀ pé ọkọ̀ tí òun ń wà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọ̀wọ̀ pè ní Hachi-Roku, ìyẹn ẹ̀jọ-ẹ̀fà, nítorí nọ́ńbà AE86 tí Toyota fún un.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ti ife omi yẹn dáadáa. Bí a bá tú "àsápajúdé" palẹ̀, sá, pa àti ojú dé ni a ó bá nínú rẹ̀: eré tí ènìyàn di ojú sá. Ẹni tó di ojú kò lè gbé ife omi gba kọ́nà kọjá. Ohun tó ń mú ènìyàn jókòó ti Initial D ni pé ojú ọmọ náà là kedere, ó mọ ibi tí ojú ọ̀nà ti ya, ó mọ ibi tí gọ́tà wà, débi pé ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ti táyà ẹ̀gbẹ́ kan bọ inú gọ́tà etí ọ̀nà kí ọkọ̀ má baà já kúrò ní kọ́nà. Ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1600 cc ló ń fi lé Nissan GT-R tí agbára rẹ̀ tó ẹṣin 280, kò sì sí idán níbẹ̀: bí ọ̀nà bá dà gẹ̀rẹ́, òkè fúnra rẹ̀ ti ń fa ọkọ̀ méjèèjì lọ sísàlẹ̀, agbára ẹ́ńjìnnì kò fi bẹ́ẹ̀ ka nǹkan mọ́, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ fúyẹ́ tó sì mọ ìgbà tó yẹ kó tẹ bíréèkì ló ń borí. Ẹnikẹ́ni tí kò ní owó tó lè fi ra ọkọ̀ olówó ńlá yóò gbádùn èyí, ọmọdé ni o, àgbà ni o.

Mi ò sọ pé ìje tí Takumi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọkọ̀ sá lórí òkè bófin mu. Ojú pópó ni, òfin Japan kò gbà á, ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ kò sì mọ nǹkan kan nípa ìje wọn. Ìdí tí mo fi ń ta ko "eré àsápajúdé" ni pé àwọn ará Japan fúnra wọn ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Bōsōzoku ni wọ́n ń pe àwọn ẹgbẹ́ oníjàgídíjàgan tó ń gun alùpùpù kiri ìgboro pẹ̀lú ariwo. "Ẹ̀yà asáré-ipá" ni a lè fi túmọ̀ rẹ̀, "asáré àsápajúdé" sì bá wọn mu. Ṣùgbọ́n hashiriya ni wọ́n ń pe irú àwọn tó wà nínú eré yìí. Hashiri ni eré sísá. Ya yẹn ni wọ́n ń fi kún orúkọ ọjà láti pe ẹni tó ń tà á, gẹ́gẹ́ bí "oní" tiwa nínú onígaàrí àti oníwàrà. Tōfuya ni bàbá, hashiriya ni ọmọ, ọ̀rọ̀ kan náà ló kẹ́yìn orúkọ méjèèjì. "Eléré" ìbá bá a mu, àmọ́ ìtumọ̀ tó ti wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, láti orí agbábọ́ọ̀lù dé orí àbíkú, ti pọ̀ jù, nítorí náà mo dábàá "awakọ̀díje", àti "ìje ojú pópó" fún ohun tí wọ́n ń ṣe, torí pé àwọn tó ka Bíbélì Yorùbá ti mọ sísá ìje tipẹ́tipẹ́.

Ó ku dorifuto gan-an, níbi tí àríyànjiyàn wa ti gbóná. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi eré wọ kọ́nà, awakọ̀ a jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn já ilẹ̀ sílẹ̀, ìdí ọkọ̀ a sì máa gbá lọ sí ẹ̀gbẹ́ òde. Awakọ̀ a wá yí sítíárì sí òdìkejì ibi tí kọ́nà yà sí, a máa fi ẹsẹ̀ díwọ̀n epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ a sì fẹ̀gbẹ́ rìn títí yóò fi jáde ní kọ́nà náà. Keiichi Tsuchiya, ògbóǹtarìgì awakọ̀ ìje tí wọ́n fi orúkọ Ọba Dorifuto dá lọ́lá, tó sì jẹ́ alámòójútó ọ̀rọ̀ ìwakọ̀ nínú eré náà, orí irú ọ̀nà òkè bẹ́ẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

"Yíyọ̀" sọ ìdajì rẹ̀. Táyà yọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí a bá ní "ọkọ̀ yọ̀" ní Yorùbá, ohun tí olùgbọ́ yóò béèrè ni iye ẹni tó farapa. Akẹgbẹ́ wa tó mú "yíyọ̀" wá ní "drift", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ará Japan yá lò, náà kò ní ìfẹ́-inú nínú, pé ohun tí omi tàbí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ ló ń tọ́ka sí, àwọn awakọ̀ ló sì fún un ní ìtumọ̀ tuntun. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, àwọn ará Japan yá ọ̀rọ̀ àjèjì tí kò gbé ìtàn kankan dání fún wọn. "Yọ̀" tiwa ti gbé ìṣubú lọ́wọ́ kó tó dé ibi tí a fẹ́ mú un dé.

"Ìfìdí" wù mí gan-an, nítorí pé mo rí ìdí ọkọ̀ tó ń fì nínú rẹ̀. Ibi tó ti kọsẹ̀ ni pé tí fì bá pàdé ìdí, fìdí ni yóò dún, bí fi bá sì pàdé ìdí, fìdí náà ni, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń gbọ́ nínú fìdí múlẹ̀ àti fìdí kalẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "ìfìdí" nínú rédíò yóò rò pé ọ̀rọ̀ ìjókòó pẹ̀sẹ̀ ni, nígbà tí ọkọ̀ náà kò dúró sójú kan.

Ohun tí mo mú wá ni "àmọ̀ọ́mọ̀yọ̀". A ti ní àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, a ti ní ẹ̀ṣẹ̀ àmọ̀ọ́mọ̀dá, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè bí a ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀. Mo mọ àtakò méjì tó lè wáyé. Àkọ́kọ́ ni pé àmọ̀ọ́mọ̀ máa ń fẹ́ rù ẹ̀bi. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀bi yẹn kò kúrò lórí ẹni tó ń fi ojú pópó díje, nítorí náà kò pa ọ̀rọ̀ náà lára. Èkejì ni pé yọ̀ ti ilẹ̀ yíyọ̀ àti yọ̀ ti ìdùnnú jọra ní ohùn àti ní kíkọ. Èyí ni mo ronú lé jù lọ, ó sì dá mi lójú pé gbólóhùn tó yí ọ̀rọ̀ náà ká yóò máa yà wọ́n sọ́tọ̀, bí ó ti ń ṣe lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí n kò rí ojútùú rẹ̀. Tōge ni orúkọ irú ọ̀nà tí ìje yìí ti ń wáyé, àmì tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sì jẹ́ èyí tí àwọn ará Japan fúnra wọn ṣẹ̀dá, kì í ṣe èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà: wọ́n to òkè, gòkè àti sọ̀kalẹ̀ mọ́ ara wọn. Ó yẹ kí èdè tí àwọn tó ń gba ọ̀nà Ìwárájà sí Ẹ̀fọ̀n Alààyè ń sọ ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún irú ibẹ̀. "Àgùnsọ̀" ló wá sí mi lọ́kàn, láti inú gùn àti sọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Èkìtì ni kí ẹ sọ bóyá ẹ ti ní èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí a lè gbé àbá náà sórí ìwọ̀n, mo fi gbólóhùn kan ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fi "yíyọ̀", kí ẹ fi "ìfìdí", dípò ọ̀rọ̀ tèmi, kí ẹ kà á sókè: "Takumi fi àmọ̀ọ́mọ̀yọ̀ gba kọ́nà karùn-ún, omi yí po nínú ife, kò sì dà."